Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé: Kí Ló Dé Tí Ìdáríjì Fi Gba Ẹbọ?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin Bàbá wa tí ẹ ń dáhùn ìbéèrè, mo kí yín o. Oníṣòwò aṣọ ni mí ní ọjà Atakúmọ̀sà, ní Iléṣà níbí. Ní ọjọ́ Iléyá tó kọjá, a pé jọ sí ilé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó jẹ́ Mùsùlùmí, a jẹ, a mu, ọ̀rọ̀ sì di ti ẹ̀sìn. Ẹ̀gbọ́n mi ní Aláàánú ni Ọlọ́run tí òun ń sìn. Bí ẹ̀dá bá ti ronú pìwà dà tó sì tọrọ àforíjì, Ọlọ́run yóò dárí jì í láìgba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó wá bi mí pé kí ló dé tí Ọlọ́run àwa Kìrìsìtẹ́nì kò lè dárí jini àfi bó bá rí ẹ̀jẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kan tún fi kún un pé ìyá ìyá wa wà lára àwọn tó kó oògùn àti ohun ìbọ wọn dànù ní Òkè-Oòyè ní ọdún 1930, tí wọ́n ní àwọn kò rúbọ mọ́. Báwo ni ìran tó ti kọ ẹbọ sílẹ̀ ṣe wá ń kọrin ẹ̀jẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi? N kò rí èsì tó tẹ́ èmi fúnra mi lọ́rùn fún wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lóye.

Òǹkàwé yín, Òkèṣà, Iléṣà.

Ìdáhùn

Arábìnrin wa, ẹ kú ọjà o. Ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n yín tó bèèrè ọ̀rọ̀ láìfi ẹ̀gàn ṣe, nítorí irú ìbéèrè tó bi yín ti wà nínú Bíbélì tipẹ́. Nínú Orin Dáfídì 50, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ń bi àwọn tó ń rúbọ sí i bóyá òun a máa jẹ ẹran akọ màlúù tàbí kí òun máa mu ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́. Wòlíì Hóséà ní àánú ni Olúwa fẹ́, kì í ṣe ẹbọ. Míkà sì bèèrè bóyá inú Olúwa yóò dùn sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbò, tàbí bóyá kí ènìyàn fi àkọ́bí ọmọ rẹ̀ pàápàá rúbọ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ọkàn rẹ̀. Èyí kò jìnnà sí ohun tí Kùránì sọ nínú Súrà 22, ẹsẹ 37, pé ẹran àti ẹ̀jẹ̀ ohun tí a pa kò dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run, bí kò ṣe ìbẹ̀rù Ọlọ́run tó wà lọ́kàn ẹni tó pa á. Lórí èyí, ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín kò ní ìjà. Ebi kì í pa Ọlọ́run, òùngbẹ ẹ̀jẹ̀ kì í sì í gbẹ ẹ́.

Ibi tí ọ̀nà ti pín ni gbólóhùn tó sọ pé Ọlọ́run ń dárí jini láìgba ohunkóhun. Àwa náà gbà pé kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tó dárí jini a máa pàdánù nǹkan, àti pé Ọlọ́run kò yọ ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú àdánù náà.

Aṣọ ni ẹ ń tà, Ìjẹ̀ṣà sì ni yín, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ òwò ilé yín ṣàlàyé. Ẹ mọ àwọn òṣómàáló, àwọn bàbá wa tí wọ́n ń gbé aṣọ kiri gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n á tà á láwìn, tí wọ́n á sì máa padà lọ gba owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà ajigbèsè, wọ́n á ní, "Òṣó ni màá ló títí màá fi gba owó mi," wọn kò sì ní dìde. Bàbá bàbá tèmi wà lára wọn, agbègbè Àkókó ló ti ń ta tirẹ̀. Obìnrin kan ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ láwìn níbẹ̀, ọkọ obìnrin náà sì kú kí wọ́n tó san ìdajì owó, ó fi àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ sílẹ̀ fún un. Bàbá àgbà dé ibẹ̀, ó lóṣòó gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó rí ohun tí ilé náà ti dà, ó dìde, ó ní kí obìnrin náà má dààmú mọ́, ó sì fa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé. Gbogbo abúlé ló yìn ín. Ohun tí wọn kò rí ni pé nígbà tó padà délé, ẹni tó fún òun náà ní ọjà láwìn ń dúró de owó tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó fa orúkọ bàbá àgbà rẹ́ nínú ìwé tiwọn. Owó kòkó ọdún náà ló fi san án, bàbá mi kò sì lè lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní ọdún náà. Títí bàbá mi fi dàgbà, kò sọ ìtàn yìí bí ẹni tó ń ráhùn. Ó kàn fẹ́ kí a mọ ibi tí gbèsè obìnrin náà gbà lọ.

Gbèsè tí a fà rẹ́ kì í ṣe gbèsè tí ẹnikẹ́ni kò san. Ó kúrò lọ́rùn ẹni tó jẹ ẹ́, ó sì bọ́ sí ọrùn ẹni tó fà á rẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rí níbi tí kò ti sí owó nínú rẹ̀ rárá. Ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bà lórúkọ jẹ́ ní ìta, tó lágbára láti gbẹ̀san, ṣùgbọ́n tó dárí jì í, ti gbà kí ìtìjú tó yẹ kó padà sórí ọ̀rẹ́ náà dúró sí ara òun. Ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ dà, tó sì gbà á padà sílé, òun ló ń jí lóru tí oorun kò lọ. Mi ò tíì rí ìdáríjì gidi kan tí kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí kò bá dun ẹni tó ṣe é, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ náà kò kàn án tẹ́lẹ̀ ni.

Ohun tí ìgbàgbọ́ wa wá ń sọ nípa àgbélébùú ni pé Ọlọ́run, tí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ gbèsè sí, ni ẹni tó gbé àdánù náà. Pọ́ọ̀lù sọ ọ́ nínú Kọ́ríńtì Kejì 5:19 pé Ọlọ́run wà nínú Kristi, ó ń bá aráyé làjà. Ẹ kíyè sí i pé kò sọ pé Kristi lọ bá Ọlọ́run kan tí inú ń bí, ó lọ fi ẹ̀jẹ̀ tù ú lójú. Mo ti gbọ́ irú ìwàásù yẹn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní ìlú yìí, Baba tó gbé pàṣán dání, Ọmọ tó sáré wá sí àárín, ó sì máa ń dùn mí dé ọkàn, nítorí ó ń ya àwọn tó jẹ́ ọ̀kan nípa. Bí Ọmọ bá jẹ́ ẹlòmíràn tí ọ̀rọ̀ kò kàn, tí wọ́n kàn mú láti jìyà ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀, ẹ̀gbọ́n yín ì bá jàre, ìwà ìkà ni ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń jìyà bá jẹ́ ẹni náà gan-an tí a ṣẹ̀, a jẹ́ pé ohun tí bàbá àgbà ṣe ní Àkókó ló ṣe.

Ẹ̀gbọ́n yín lè tún bèèrè pé kí ló dé tí Ọlọ́run kò fi ẹnu lásán sọ pé "mo ti dárí jì ọ́", nígbà tó jẹ́ pé ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún Dáfídì. Òótọ́ ni. Dáfídì gba ìyàwó Ùráyà, ó sì ṣètò kí wọ́n pa Ùráyà lójú ogun. Òfin Mósè kò la ẹbọ kankan sílẹ̀ fún irú ẹ̀ṣẹ̀ àmọ̀ọ́mọ̀dá bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyẹn tó fi sọ nínú Orin Dáfídì 51 pé bí Ọlọ́run bá fẹ́ ẹbọ ni, òun ì bá rú u, àti pé ìròbìnújẹ́ ọkàn ni ẹbọ Ọlọ́run. Nátánì dá a lóhùn pé Olúwa ti mú ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kúrò. Kò sí ẹran, kò sí pẹpẹ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá di líle lójú tèmi, nítorí Ùráyà ṣì wà nínú sàréè. Bí a bá dárí ji apànìyàn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan, ta ni yóò gba ẹjọ́ ẹni tí wọ́n pa rò? Ìbéèrè yìí ni Pọ́ọ̀lù dáhùn nínú Róòmù 3:25 àti 26, níbi tó ti ní Ọlọ́run gbé Kristi kalẹ̀ láti jẹ́ ètùtù, kí ó lè fi òdodo rẹ̀ hàn, nítorí àwọn ẹ̀ṣẹ̀ àtẹ̀yìnwá tó ti gbójú fò nínú ìpamọ́ra rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ Dáfídì wà lára àwọn tó ṣì ń dúró. Àgbélébùú ni ibi tí Ọlọ́run ti sọ pé òun kò ṣe bí ẹni pé Ùráyà kò kú.

Nípa ẹbọ ẹran ti ayé àtijọ́, ohun kan wà nínú Léfítíkù 17:11 tí ọ̀pọ̀ wa máa ń kà kọjá. Ẹsẹ náà ní ẹ̀mí ara ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀, Ọlọ́run sì ní, "Èmi sì ti fi í fún yín lórí pẹpẹ láti ṣe ètùtù fún ọkàn yín." Ọlọ́run ló fún ènìyàn ní ẹ̀jẹ̀ náà. Nínú orí kẹrin ìwé kan náà, ẹni tó ṣẹ̀ yóò mú ewúrẹ́ wá, yóò gbé ọwọ́ lé e lórí, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ni ọ̀bẹ yóò sì wà, kí ó lè fojú rí ohun tí ẹ̀ṣẹ̀ ń fà. Síbẹ̀, orí karùn-ún gbà fún tálákà tí kò lè ra àdàbà méjì pàápàá pé kó mú ìdámẹ́wàá òṣùwọ̀n efa ìyẹ̀fun wá, àlùfáà yóò sì ṣe ètùtù fún un, a ó dárí jì í. Ìyẹ̀fun kò ní ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyí tí Ìwé Hébérù 9:22, tí a fẹ́ràn láti máa há sórí pé láìsí ìtàjẹ̀sílẹ̀ kò sí ìdáríjì, fi kọ́kọ́ sọ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohun gbogbo ni òfin fi ẹ̀jẹ̀ wẹ̀ mọ́. Ìwé náà sì ní kò ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ akọ màlúù àti ti ewúrẹ́ mú ẹ̀ṣẹ̀ kúrò. Àmì ni wọ́n, wọ́n ń tọ́ka sí ohun kan níwájú.

Ọ̀rọ̀ tí àwọn Hébérù ń lò fún ètùtù, kippur, àti ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí àwa Yorùbá ti mú "kàfárà", ìbátan ni wọ́n. Nígbà tí àgbàlagbà bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ńlá tó sì kọ́kọ́ ṣe kàfárà, ó ń fi èdè tí òun àti ẹ̀gbọ́n yín jọ ní sọ pé ohun kan wà láàárín wa tó yẹ kí a kọ́kọ́ tún ṣe.

Ẹ sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n yín pé àwọn ìyá wa kò tako ara wọn ní Òkè-Oòyè. Nígbà tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá wàásù níbẹ̀ ní 1930, tí àwọn ènìyàn sì kó ohun ìbọ wọn jáde, wọn kò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ kò gba ètùtù mọ́. Wọ́n gbà pé a ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì sí ìdí láti tún un ṣe. Èdè tí wọ́n fi gbọ́ ọ pàápàá, èdè ẹbọ ni, nítorí Ajayi Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ lórí Bíbélì Yorùbá, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, kò wá ọ̀rọ̀ àjèjì kankan: ẹbọ ni wọ́n pè é, ètùtù ni wọ́n pè é. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ìjọ wa ń sá fún ọ̀rọ̀ náà lónìí nítorí pé ó ń rùn sí wọn bí ìbọ̀rìṣà. Mi ò bá wọn gbà. Ẹni tí kò mọ ohun tí àwọn bàbá rẹ̀ ń wá ní ìdí ẹbọ kò ní mọ ohun tí wọ́n rí.

Àwọn onímọ̀ kò fi ẹnu kò lórí bí àgbélébùú ṣe ń ṣiṣẹ́. Anselm ti Canterbury, tó parí ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1098, wò ó bí ọlá Ọlọ́run tí a bà jẹ́ tó yẹ kí a dá padà. Abelard tó tẹ̀ lé e ní ìfẹ́ tí a rí níbẹ̀ ló ń yí ọkàn wa padà. Calvin, tó kọ́ ẹ̀kọ́ òfin, sọ̀rọ̀ nípa ìdájọ́ àti ìjìyà. Àwọn baba ìjọ ayé àtijọ́ sì fẹ́ràn láti sọ ọ́ bí ìṣẹ́gun lórí ikú àti èṣù. Ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ ti Nicea kàn sọ pé nítorí wa ni a ṣe kàn án mọ́ àgbélébùú, kò sọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, bí òṣómàáló tí mo fi ṣàlàyé kò bá tẹ́ ẹ̀gbọ́n yín lọ́rùn, ẹ ṣì ní ibòmíràn tí ẹ lè gbà bá a sọ ọ́.

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Ilé-Ifẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní kò sí ìyàtọ̀ láàárín Jésù àti Olúorogbo, ọmọ kan ṣoṣo tí Mọrèmí fi rúbọ sí odò Ẹ̀sìnmìrìn lẹ́yìn tó gba Ifẹ̀ sílẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn

Ọmọ mi, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ rí ìjọra náà. Samuel Johnson, tó jẹ́ àlùfáà, kọ ọ́ sínú ìtàn Yorùbá rẹ̀ pé ọmọ náà jí lẹ́yìn tí wọ́n ti rò pé ó kú, ó fi okùn gòkè lọ sọ́run, àwọn ará Ifẹ̀ sì ń retí rẹ̀ padà. Má fi ojú yẹpẹrẹ wo Mọrèmí. Obìnrin tó fi ara rẹ̀ sílẹ̀ kí ọ̀tá mú un lẹ́rú, kó lè mọ àṣírí àwọn tó ń fi ìmọ̀ bora wá kó ìlú rẹ̀, mọ̀ pé ìgbàlà kì í wá lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà ọdún Edì, ẹnìkan ṣì ń gbé ẹrù ibi ìlú jáde kúrò ní Ifẹ̀, ẹni tó bá sì ka Léfítíkù 16, níbi tí Áárónì ti ń gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí ewúrẹ́ tí wọn yóò lé lọ sí aginjù pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo ènìyàn, kò ní ṣàì rí i pé ohun kan náà ló ń wu ọkàn ènìyàn ní ibi méjèèjì.

Ṣùgbọ́n wo ẹni tó ń gbà àti ẹni tó ń fúnni. Mọrèmí jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún odò pé bí òun bá yege, ohunkóhun tó bá bèèrè ni òun yóò fún un. Odò kọ ẹran tó mú wá, ó ní ọmọ rẹ̀ ni òun fẹ́. Nínú ìròyìn ayọ̀ tiwa, kò sí ẹ̀jẹ́ tí ẹ̀dá jẹ́, kò sí ènìyàn tó ń wá ọmọ rẹ̀ tó ṣọ̀wọ́n jù láti fi tu ẹni tó wà lókè. Ẹni tó wà lókè ló sọ̀ kalẹ̀. Ìyàtọ̀ kejì ni pé ìtàn náà kò sọ fún wa pé ẹnikẹ́ni bi Olúorogbo bóyá ó fẹ́. Jésù ní nínú Jòhánù 10:18 pé ẹnikẹ́ni kò gba ẹ̀mí òun lọ́wọ́ òun, òun fúnra òun lòun fi í lélẹ̀. Bí o bá yọ gbólóhùn yìí kúrò, n kò mọ ohun tí ì bá kù tí mo lè fi gbèjà ẹ̀kọ́ yìí. Ìyàtọ̀ kẹta kéré sí méjì yẹn: ọwọ́ ọ̀tá ni Mọrèmí ti gba Ifẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ ẹ̀ṣẹ̀ Ifẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ìbéèrè

Kòkó ni mò ń rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní agbègbè Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Fún ọdún mẹ́fà ni mo fi ìwọ̀n tí mo ti yí ra ọjà lọ́wọ́ wọn. Mo ti ronú pìwà dà báyìí. Bí Kristi bá ti san gbogbo rẹ̀, ṣé ó tún yẹ kí n dá owó wọn padà?

Ìdáhùn

Bẹ́ẹ̀ ni, ó yẹ. Òfin ètùtù kò fi ìgbà kan rí rọ́pò owó ẹlòmíràn. Léfítíkù 6 ní ẹni tó rẹ́ ọmọnìkejì rẹ̀ jẹ yóò dá owó náà padà, yóò fi ìdámárùn-ún rẹ̀ lé e, ní ọjọ́ tó ń mú ẹbọ ẹ̀bi rẹ̀ wá gan-an. Kó tó kan àgbò ni òfin ti dárúkọ owó ẹni tó ni ín. Sákéù, agbowó òde inú Ìhìnrere Lúùkù, kò dúró kí ẹnikẹ́ni bá a ṣírò: ìlọ́po mẹ́rin ló ní òun yóò dá padà, kò sì tíì sí àgbélébùú nígbà náà. Ẹbọ Kristi gba ọ̀rọ̀ tó wà láàárín yín àti Ọlọ́run, òun náà ló sì yẹ kó fún yín ní ìgboyà láti kàn ilẹ̀kùn àwọn àgbẹ̀ náà. Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ẹ ṣírò iye ọjà ọdún mẹ́fà bí ẹ bá ṣe lè rántí rẹ̀ tó, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó tálákà jù nínú wọn. Fún àwọn tó bá ti kú, Númérì 5:8 ní kí ẹ dá a padà fún ìbátan wọn.